Ẹ yé tijú èédú: iná ló ń yan pizza, kì í ṣe oven

1/
Obìnrin kan fagi lé ọ́dà pizza mẹ́ta lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe pé mo pẹ́. Kì í ṣe pé owó rẹ̀ wọ́n jù. Ó rí fídíò mi, ó wá rí i pé orí èédú ni mo ti ń yan án. Ohun tó kọ sí mi rèé: "Mi ò lè gbé oúnjẹ èédú síwájú àwọn àlejò mi."

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn o.

2/
Mo ti ra ṣíìsì. Mo ti po fúláwà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ láti ilé mọ̀ pé ṣíìsì kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣeré ní Nàìjíríà yìí. Èmi àtàwọn àbúrò mi la jẹ pizza yẹn, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dùn o. Ṣùgbọ́n owó ọjà ló wọ ikùn lọ yẹn.

3/
Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù ṣá. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, obìnrin yìí kan náà ló bi mí bóyá mo mọ alásè tó ń fi igi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Òun ò fẹ́ ti orí gáàsì. Ó fẹ́ kí èéfín ta sí i dáadáa.

Ẹ gbọ́ o. Èéfín inú ìrẹsì, iyì ni. Èéfín inú pizza, ìtìjú ni. Pátì kan náà, àlejò kan náà!

4/
Àǹtí mi kan náà pè mí nígbà tí wọ́n rí fídíò ọ̀hún. "Ìwọ ọmọ yìí, yunifásítì lo lọ o. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ ò ní oven nílé ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, a ò ní in lóòótọ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n sáà ti máa yí kámẹ́rà kúrò lára àdògán.

5/
Kí n yí kámẹ́rà. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe fídíò oúnjẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí èédú la ti ń yan án, a ó wá gbé e lọ sórí tábìlì funfun nílé ọ̀rẹ́ wa láti ya àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń wò wá láti yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé yóò rò pé láìsí oven, kò sí pizza. Yóò máa retí ọjọ́ tí òun máa rówó ra oven. Irọ́ là ń pa fún un. Èmi náà pa irú irọ́ yìí fún bí ọdún kan. Mo ti jáwọ́.

6/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé pizza fúnra rẹ̀: ìlú Naples, ní Ítálì.

Ní 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ sínú òfin bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó bá máa jẹ́ ojúlówó "Pizza Napoletana". Ààrò onígi nìkan ni kí wọ́n fi yan án. Ilẹ̀ ààrò náà gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 485 lórí ìwọ̀n Celsius. Láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú àáyá, ó ti jinná.

Igi o! Igi ìdáná tí ẹ̀ ń sá fún. Ní 2017, UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń yan pizza ní Naples mọ́ àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

7/
Oven kékeré tó wà lórí tábìlì yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá 250. Díẹ̀ ló fi ju ìdajì ti Naples lọ. Ìdí nìyẹn tí pizza fi ń pẹ́ nínú rẹ̀, tí etí rẹ̀ á ti gbẹ bíi bísíkíìtì kí àárín tó jinná.

Ògúnná tó ti pọ́n dáadáa, tí ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí, gbóná ju oven yẹn lọ fíìfíì. Ẹ wá sọ fún mi: ta ló sún mọ́ Naples jù, ẹni tó ní oven àbí ẹni tó ní àdògán?

8/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé "igi kì í ṣe èédú." Ẹ kú àkíyèsí. Ẹ bá mi dé Amẹ́ríkà.

Lombardi's ní New York, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pizza ní 1905, ààrò eléèédú ló fi dolókìkí. Èédú ilẹ̀ nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu nígbà kan rí. Ẹ fẹ́ èédú igi, irú tiwa gan-an? Ní 1980, Johanne Killeen àti ọkọ rẹ̀, George Germon, ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Al Forno ní Providence. Orí wáyà ni wọ́n ń tẹ́ pizza sí, èédú á máa jó lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ wọ́n di ìlú mọ̀ọ́ká nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n yí kámẹ́rà.

9/
Mo rò pé ibi tí a ti pàdé pizza ló fa wàhálà yìí. Ọdún 2012 ni Domino's wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa, inú páálí la ti kọ́kọ́ rí i. Ó ti jinná, wọ́n ti gé e, wọ́n ti gbé e wá lórí ọ̀kadà. A ò rí iná rẹ̀ rí. A wá rò pé ohun tí a ò rí iná rẹ̀, kò níná.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́? Ojú wa ni wọ́n ṣe ń dá igi sábẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ìyẹn la ò ṣe bẹ̀rù èéfín rẹ̀.

10/
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ yẹ Ṣàgámù wò.

Ẹ lọ sí Sábó lálẹ́, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to súyà yí iná ká. Lásìkò òjò, ẹ dé oríta tí ọ̀nà Bíní ti ya kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kẹ́ ẹ wo àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì. Awakọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá á wá gíláàsì sílẹ̀, á na owó síta. Ta ló ti bi wọ́n rí pé, "Ṣé ẹ ní oven?"

11/
Búrẹ́dì gan-an ńkọ́? Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló padà di ọba oníbúrẹ́dì l'Ékòó. Títí dòní, ààrò amọ̀ tí wọ́n ń dáná igi sí ni ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì wa ń lò. Búrẹ́dì Àgége tí ẹ̀ ń fi jẹ ẹ̀wà àgọ̀ìn, ṣé ẹ rò pé orí bọ́tìnnì ló ti jinná ni?

Fúláwà, yíìsì, omi, iyọ̀, iná. Búrẹ́dì nìyẹn. Pizza náà nìyẹn. Ata àti ṣíìsì la fi kún un.

12/
"Kí ló dé tó ò kúkú fowó pamọ́ kó o ra oven?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Oven tó ń jẹ 2000 watts, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí kan, yúníìtì méjì ló jẹ. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. ₦450 nìyẹn lásìkò yẹn, láìka owó tẹ́ ẹ fi ra oven fúnra rẹ̀. Mo gbà, ₦450 ò pa èèyàn. Àmọ́ ṣé ẹ wà ní Band A? Ẹni tí kò sí níbẹ̀, owó iná tiẹ̀ kéré sí i lóòótọ́, iná gan-an ni kò rí.

Fúláwà tó ti wú sì rèé, kò mọ NEPA. Tó bá ti wú, ó ti wú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní kó dúró de iná, á kan, á rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀. Yíìsì kì í dúró de NEPA.

13/
Torí náà, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Kọ́ọ̀bù fúláwà mẹ́ta, ṣíbí ìmu-tíì yíìsì kan, ti iyọ̀ kan, ṣúgà díẹ̀, òróró ṣíbí ńlá méjì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kọ́ọ̀bù kan, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Ẹ gún un lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí á fi máa fà bíi rọ́bà. Ẹ bò ó. Nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, wákàtí kan ti tó. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tẹ́ ọ pẹlẹbẹ. Èyí tó bá nípọn, ìta rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á ṣì tutù.

14/
Ìyá mi ló kọ́ mi ní iná. Wọn ò tíì jẹ pizza rí nígbà yẹn. Wọ́n kàn dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jó fúláwà àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Wọ́n wá ní, "Iná yẹn ti pọ̀ jù. Kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tó máa jó o, ibi tó máa jinná sí, wọn kì í ṣe ibì kan náà."

Gbogbo ẹ̀kọ́ pizza orí èédú nìyẹn. Mo ti wo fídíò òyìnbó tí kò lóǹkà kí n tó gbọ́ gbólóhùn kan yẹn lẹ́nu ìyá mi tí wọ́n ti ń sun iṣu láti kékeré.

15/
Ẹ dúró kí èédú pọ́n tán, kí eérú funfun bò ó lójú. Nígbà tí èéfín bá ṣì ń rú, kò tíì yá. Ẹ kó ògúnná sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ẹ fi òróró pa wáyà.

Ẹ tẹ́ fúláwà sórí ògúnná láì fi nǹkan kan sí i: ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ yí i padà. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fi ata díndín tó gbẹ dáadáa sí i, ṣíìsì, àlùbọ́sà, súyà. Ẹ fi ìdérí irin bò ó, kẹ́ ẹ kó ògúnná díẹ̀ sórí ìdérí náà. Iná lókè, iná nísàlẹ̀. Oven kọ́ nìyẹn? Ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ṣíìsì á ti yọ́.

16/
Tí ṣíìsì bá wọ́n, ẹ fi wàrà dípò ìdajì rẹ̀. Ẹ má retí pé kí wàrà fà bí ti Ítálì o. Wàrà kì í yọ́. Ṣe ló máa ń pọ́n. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ṣíìsì tó kù so ó mọ́ra. Ó dùn lẹ́nu bí nǹkan mi-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé súyà àti wàrà "ba pizza jẹ́": tòmátì tí ẹ̀ ń wò bí ọmọ bíbí Ítálì yẹn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn ará Ítálì gbà á lálejò, ó di ọmọ ilé. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ di Ṣàgámù ní nǹkan bíi 1872, òwò obì sì tún mú àwọn Hausa wá dó sí Sábó. Ẹ má kọ́ ará Ṣàgámù bí wọ́n ṣe ń da nǹkan pọ̀.

17/
Ní báyìí, apá tí inú àwọn kan nínú yín ò ní dùn sí. Tí mo bá dákẹ́ níbí, mo tún ti di òpùrọ́ nìyẹn.

Èédú ń pani.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọ́dà wà nílẹ̀, mo bá gbé àdògán wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn torí ìjì. Kò sí èéfín, èédú ti pọ́n, mo rò pé kò séwu. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo rò pé ebi ni. Ojú mi ń ṣú, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ìyá mi ló já ilẹ̀kùn, wọ́n fà mí bọ́ sínú òjò. Mo bì. Pizza jó, ọ́dà sọnù. Èmi ò sọnù, ọpẹ́ ni.

18/
Ohun tó fẹ́ pa mí ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín ń tú u jáde síbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, níbi tó yẹ kí atẹ́gùn wà. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kì í mọ̀.

Ká má tíì sọ ti èéfín ojoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ inú ilé, láti ara ohun tí a fi ń dáná, pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní 2020.

Torí náà ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò àdògán nínú yàrá nítorí pé "ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dáa," ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ kéékèèké ń wò yín.

19/
Òfin mi rèé, kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀:

Ìta gbangba nìkan. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe kíṣìnnì tó ní fèrèsé kan.
Tí òjò bá ń rọ̀, kò sí pizza. Ẹ sọ fún kọ́sítọ́mà.
Ògúnná tó kù ò gbọdọ̀ wọlé sùn, ì báà jẹ́ pé òtútù ń mú. Omi ni kẹ́ ẹ dà sí i.
Ọmọdé ò gbọdọ̀ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ.
Orí tó bá ń fọ́ yín nídìí iná, ẹ má pè é ní ebi. Ẹ dìde, ẹ kúrò níbẹ̀.

20/
Ó ku igbó. Òkè-Ògùn ni púpọ̀ nínú èédú tí a ń rà ti ń wá, igi ńlá ni wọ́n sì ń gé sí i, títí kan igi òrí tí kì í tètè dàgbà. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Torí náà mi ò kì í dáná nítorí pizza kan ṣoṣo. Mo máa ń kó ọ́dà jọ sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Tí pizza bá tán, ata á gorí iná náà, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀wà, títí ògúnná á fi kú. Tẹ́ ẹ bá ní gáàsì àti páànù tó nípọn, ẹ lò ó, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mi ò sọ pé kí gbogbo ayé padà sídìí èédú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò ní oven kò ṣẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi iná rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tó jalè.

21/
Àǹtí mi tún pè lánàá. Wọ́n ní kí n gbé méjì wá fún ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn, kí n má sáà sọ ibi tí mo ti yan án.

Mo ní, "Màá gbé e wá, mà. Ṣùgbọ́n màá sọ."

Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ohun tí àwọn kan ń wọkọ̀ òfúrufú lọ jẹ ní Naples, tí àwọn kan ń tò fún ní New York, àwa jókòó tì í ní Ṣàgámù, a ń fi aṣọ bò ó.

22/
Láti òní lọ, àkọlé kan máa wà lára páálí pizza mi: ORÍ ÈÉDÚ NI. Lẹ́tà gàdàgbà. Ẹni tó bá wù á rà. Ẹni tí kò bá wù, ó mọ̀ kó tó sanwó. Mi ò sì ní dín owó rẹ̀ kù torí pé orí èédú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó kún owó fún alásè onígi, ẹ mọ ìdí.

Ìwọ tó o ti ń retí oven láti ọdún tó kọjá: fúláwà ò wọ́n tó oven. Gbé àdògán màmá ẹ jáde síta lọ́jọ́ Sátidé, kó o bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àkọ́kọ́ á jó. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta á dùn.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ fagi lé ọ́dà, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, mi ò bá yín jà mà. Ẹ wá jẹ ọ̀kan nígbà tó bá ṣì ń gbóná. Ẹ máa sanwó rẹ̀ ṣá o.